Eré Tó Níṣẹ́ Nínú: Kí Ni Géèmù Ń Wá Nínú Ètò Ìlú?

Bí àwọn ará Town Planning bá wọ àdúgbò, ọ̀nà méjì la sábà fi ń mọ̀. Ọ̀kan ni ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń kọ X sára ilé. Èkejì ni ìpàdé: máàpù ńlá kan lára ògiri gbọ̀ngàn, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó mú ọ̀pá dání, tó ń tọ́ka sí ìlà aláwọ̀ ewé àti ìlà pupa. Tó bá parí, á ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ ní ìbéèrè?" Alága ẹgbẹ́ onílé á dìde, á sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Bàbá kan á tún dìde, á ní òun fara mọ́ ohun tí alága sọ, á wá tún un sọ látòkèdélẹ̀. Ìyá tó ń din àkàrà níbi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ gọ́tà gbà kò ní sọ nǹkan kan. Ayálégbé ò ní lanu, torí lándílọ́ọ̀dù rẹ̀ wà ní ìjókòó. Àwọn ọmọ ọdún 16 tó máa rin ojú ọ̀nà yẹn fún àádọ́ta ọdún sí i, ta ló pè wọ́n? Wọ́n á pín píọ̀ wọ́tà àti míìtì páì, gbogbo wa á kọ orúkọ sínú ìwé, ìwé yẹn ló sì máa jẹ́ ẹ̀rí pé wọ́n ti gbọ́ tẹnu ará ìlú.

Ìpàdé ò wọ́n wa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ ló ń rí ọ̀rọ̀ sọ níbẹ̀, ẹni tó sì mọ máàpù kà nìkan ló mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Máàpù kì í sì í ṣe ohun tó rọrùn bí a ṣe rò. Ẹni tó ti ń gba títì kan lọ sí ọjà fún ogún ọdún lè máà dá títì náà mọ̀ lórí ìwé, nítorí kò fìgbà kan wò ó látojú òfuurufú rí. Ẹsẹ̀ ló fi mọ̀ ọ́n.

Nítorí irú èyí ni àwọn kan lára àwọn tó ń ṣètò ìlú káàkiri ayé fi ń gbé géèmù wá sípàdé báyìí. Tí o bá sọ ọ́ fún àwọn èèyàn wa, àwọn kan á ní, "Ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀ lẹ fẹ́ fi ṣeré?" Àwọn mìíràn á rò pé wọ́n fẹ́ kó PlayStation wá fún àwọn ọmọdé kí wọ́n má bàa dí àgbà lọ́wọ́ ni. Méjèèjì ló ṣì í, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ náà gan-an, eré, ló ń dà wá láàmú.

Bẹ́ẹ̀, nínú èdè tiwa, eré kì í ṣe ọ̀rọ̀ fífúyẹ́. Egúngún ń ṣeré, kò sẹ́ni tó jẹ́ pè é ní nǹkan ọmọdé. Ẹ wo ìdí ayò náà: ihò 12, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin nínú ìkọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Ọ̀pẹ á kàn máa kó ọmọ ayò, á máa jẹ́ wọn sílẹ̀. Ọ̀ta á ti mọ ihò tí ọmọ tó gbẹ̀yìn máa bọ́ sí kó tó fọwọ́ kàn án, á ti mọ ohun tí ẹnìkejì máa fi dá a lóhùn, á sì ti mọ èyí tí òun máa fi san án fún un. Ohun tó ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń bi ara rẹ̀ pé: bí mo bá ṣe báyìí, kí ló máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Ìbéèrè tí gbogbo ẹni tó ń ṣètò ìlú ń gba owó oṣù lé lórí nìyẹn.

Òyìnbó ń pe irú eré tí à ń sọ yìí ní serious game. Clark Abt, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, fi orúkọ yẹn ṣe àkọlé ìwé tó gbé jáde ní 1970. Àlàyé rẹ̀ ni pé eré tí wọ́n dìídì gbèrò rẹ̀ kí èèyàn lè kọ́ nǹkan nínú rẹ̀ ni, fàájì kọ́ ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Kò ní kó má dùn o. Tí kò bá dùn rárá, ta ló máa jókòó tì í? Èmi á máa pè é ní eré tó níṣẹ́ nínú.

Irú eré bẹ́ẹ̀ ní òfin. Ó ní nǹkan tí kò lè kárí, ì báà ṣe owó, ilẹ̀ tàbí àsìkò. Ó ní ipa tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń kó. Tí o bá sì ṣe nǹkan nínú rẹ̀, nǹkan mìíràn gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ nítorí ohun tó o ṣe, yálà ó tẹ́ ọ lọ́rùn tàbí kò tẹ́ ọ lọ́rùn. Áàpù tó ń fún èèyàn ní máàkì nígbàkigbà tó bá fi fọ́tò kòtò ojú títì ránṣẹ́ kò sí nínú ohun tí mò ń sọ. Ìyẹn kàn fi adùn eré ra ọwọ́ èèyàn fún iṣẹ́ ni. Kì í sì í ṣe ìbò. Ẹni tó bá borí nínú eré kò gba àṣẹ kankan lọ sílé.

Eré báyìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Láti 1824 ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun Prussia, ní ilẹ̀ tó di Jámánì, ti ń fi eré ogun orí máàpù kọ́ àwọn ọ̀gá sójà wọn. Ní àwọn ọdún 1960, Richard Duke ní Michigan, ní Amẹ́ríkà, ṣe ọ̀kan tó pè ní Metropolis lórí bí ìlú ṣe ń ná owó rẹ̀, Allan Feldt ní Yunifásítì Cornell náà ṣe tirẹ̀ lórí bí àdúgbò ṣe ń lo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí ni ti obìnrin kan tó ń jẹ́ Lizzie Magie.

Ní 1904, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀rí pé òun ló ni eré kan tó pè ní The Landlord's Game. Ọmọlẹ́yìn Henry George ni, ìyẹn ọkùnrin tó ń wàásù pé orí ilẹ̀ nìkan ló yẹ kí ìjọba máa gba owó orí. Magie fẹ́ kí àwọn èèyàn fojú ara wọn rí bí onílẹ̀ ṣe ń sanra láìṣiṣẹ́, tí ayálégbé sì ń rù. Nígbà tó yá, ó kọ oríṣi òfin méjì fún eré náà. Tí ẹ bá lo ọ̀kan, ẹnì kan á kó gbogbo nǹkan, àwọn yòókù á wọko gbèsè. Tí ẹ bá lo èkejì, bí ilẹ̀ ṣe ń lérè lórí ni gbogbo yín á máa jẹ níbẹ̀. Lórí pátákó kan náà o. Ní 1935, ilé iṣẹ́ Parker Brothers bẹ̀rẹ̀ sí í ta Monopoly, tó ti inú eré Magie jáde, àmọ́ òfin ajẹnìkanjẹ nìkan ló bá a dé. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó ń fi Monopoly ṣeré nígbà Kérésìmesì fi ń fò sókè pé òun ti lé gbogbo ẹbí kúrò nílé. Ẹ jẹ́ ká fi Magie sílẹ̀ ná, a ṣì máa padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Èyí tí ayé mọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí lónìí ti Sweden wá. Láàárín 1965 sí 1974, wọ́n kọ́ ilé tó tó mílíọ̀nù kan níbẹ̀ nítorí àìtó ilé. Nígbà tó fi máa di 2011, ilé wọ̀nyẹn ti ń fẹ́ àtúnṣe. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Svensk Byggtjänst bá Mojang, àwọn tó ṣe géèmù kọ̀ǹpútà Minecraft, sọ̀rọ̀, wọ́n jọ gbé ètò kan kalẹ̀ tí àwọn aráàdúgbò á fi lè fi Minecraft ṣàfihàn bí wọ́n ṣe fẹ́ kí àyíká wọn rí. Mina Kvarter lorúkọ ètò náà. UN-Habitat, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ibùgbé, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Nairobi, rí i pé ó dára. Ní 2012, òun àti Mojang bẹ̀rẹ̀ Block by Block. Microsoft tó ra Mojang ní 2014 bá wọn dá sí i.

Tí o kò bá mọ Minecraft, bi ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bá sún mọ́ ọ jù. Búlọ́ọ̀kù ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀: ilẹ̀, omi, igi, ògiri. Búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, mítà kan ní gíga. O lè hú u kúrò, o lè to ọ̀kan lé èkejì. Ohun tó sì mú kó wúlò fún iṣẹ́ tí à ń wí ni pé kì í ṣe òkè lo ti ń wo ohun tó o kọ́. Àárín rẹ̀ lò ń rìn. Ilẹ̀ tilẹ̀ ń ṣú nínú Minecraft. Ọmọbìnrin tó bá ń gba ọ̀nà kan bọ̀ láti ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́ lè dúró níbẹ̀ kó fi hàn ọ́ pé, "Ibi tó ṣókùnkùn jù nìyí." Kò sí máàpù orí ògiri tó lè ràn án lọ́wọ́ sọ ìyẹn.

Pápá ìṣeré Silanga ní Kibera, nínú Nairobi, wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán Block by Block wò. Ó tọ́ kí á mọ Kibera díẹ̀ kí á lè mọ ìdí tó fi yẹ níbẹ̀. Àwọn sójà Nubia láti ilẹ̀ Sudan, tó jagun fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀, igbó sì ni ìtumọ̀ orúkọ náà lédè wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń sọ pé mílíọ̀nù kan èèyàn ló ń gbé ibẹ̀. Nígbà tí ìjọba Kenya ka èèyàn ní 2009, 170,070 ni wọ́n rí. Ní ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé GPS, ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí èèyàn wà, lọ́wọ́ kiri láti ya máàpù rẹ̀ fúnra wọn, tí wọ́n pè ní Map Kibera, nítorí òfìfo lásán ló wà níbi tí Kibera wà lórí ọ̀pọ̀ máàpù. Ibi tí ẹnì kan ò mọ iye èèyàn tó wà níbẹ̀, tí ọ̀nà ibẹ̀ ò sí lórí ìwé, báwo lo ṣe fẹ́ jókòó sí ọ́fíìsì ṣètò rẹ̀?

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni, ẹnì kan ti fi fọ́tò àti ìwọ̀n kọ́ ibi náà bó ṣe wà gan-an sínú Minecraft. Ètò náà sábà ń gba ọjọ́ méjì sí mẹ́rin. Wọ́n á kọ́kọ́ jọ fẹsẹ̀ rìn yí ibẹ̀ ká, wọ́n á wo ibi tí omi ń dá sí, ibi tí àwọn oníṣòwò ń pàtẹ, ibi tí kò sẹ́ni tó ń gbà lálẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á kọ́ wọn bí a ṣe ń lo máòsì. Èèyàn méjì sí mẹ́rin ló ń wà nídìí kọ̀ǹpútà kan.

Nídìí kọ̀ǹpútà yẹn ni mo rò pé iṣẹ́ náà wà, kì í ṣe nínú Minecraft fúnra rẹ̀. Ìyá àgbà ò mọ máòsìí lò. Ọmọdé ò mọ ibi tí omi gbà nígbà òjò ńlá tó rọ̀ kí wọ́n tó bí i. Ìyá àgbà á ní, "Gbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn kúrò níbẹ̀." Ọmọ á ní, "Màmá, níbo ni ká gbé e lọ?" Wọ́n á gbé e, wọ́n á rìn yí i ká, wọ́n á rí i pé ó ti dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á tún gbé e. Ní gbọ̀ngàn ìpàdé, ẹni méjì yìí ò ní bá ara wọn sọ gbólóhùn kan. Tí wọ́n bá sì ṣàṣìṣe, búlọ́ọ̀kù lásán ni, kò sí sìmẹ́ǹtì tó ṣòfò, kò sí ilé tí wọ́n wó.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á fi tirẹ̀ han àwọn aláṣẹ ìlú, wọ́n á sì jọ yan ohun tó ṣe kókó jù. Ayàwòrán ilé á wá sọ ọ́ di pláànù gidi, nítorí kò sẹ́ni tó ń fi búlọ́ọ̀kù Minecraft kọ́lé.

Wọ́n ti gbé e dé Haiti, Peru, Índíà, Kosovo àti ibòmíràn. Ti Haiti ló wú mi lórí. Ní ìlú Les Cayes, àwọn apẹja kan tí wọn ò mọ̀wé, tí wọn ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, fi Minecraft kọ́ ògiri tó máa dá omi òkun padà kó má bàa ya wọlé. Nígbà tí wọ́n kọ́ ìyẹn tán, wọ́n kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún gbogbogbòò sí i. Ẹni tó bá ń ti àárọ̀ dé alẹ́ létí òkun ló máa rántí pé ó yẹ kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà dẹ́rù bà yín. Eré tó níṣẹ́ nínú kò nílò iná NEPA. Ká ní àdúgbò kan wà tí odò kékeré kan là á láàárín. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn Ògùnpa, bó ṣe ya wọ Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, mọ irú odò tí mò ń sọ. A ya àdúgbò náà sórí páálí, ìdérí ìgò ni ilé, okùn ni odò. A ka ẹ̀wà 100 sínú abọ́, gbogbo owó tí àdúgbò ní nìyẹn. Títì ọlọ́dà, ẹ̀wà 60. Gọ́tà, 45. Afárá, 40. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà, 25. Iná ojú títì, 20. Kíkó ilé mẹ́fà kúrò létí odò, 50. Tí o bá rò ó pọ̀, 240 ni, 100 ló sì wà nínú abọ́.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan á fa káàdì. Lándílọ́ọ̀dù á fa káàdì ayálégbé tó ń gbé etí odò. Ọlọ́kadà á di alága káńsù. Ìyá alákàrà á di onímọ̀ ẹ̀rọ. Wàá rí i bí ojú wọn ṣe máa yí padà. Ní ìpele kìíní, mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé títì ọlọ́dà ni wọ́n máa rà, torí ta ni kò fẹ́ títì ọlọ́dà? Ó ku ẹ̀wà 40. Gọ́tà jẹ́ 45. Ẹ̀wà márùn-ún péré ni ò pé, ṣùgbọ́n kò pé náà ni. Wọ́n á ra iná ojú títì. Wọ́n á wá ta dáìsì bíi ti lúdò: tó bá jẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, òjò rọ̀. Òjò bá rọ̀, kò sí gọ́tà, títì tuntun lọ pẹ̀lú ìdérí ìgò mẹ́ta létí odò.

Ìgbà yẹn ni ariwo máa sọ, ariwo yẹn gan-an la sì torí ẹ̀ pé jọ. Lándílọ́ọ̀dù tó di ayálégbé fún wákàtí kan á gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé kí wọ́n kó àwọn ilé etí odò kúrò, òun fúnra rẹ̀ ló máa bú sẹ́nu pé, "Níbo lẹ fẹ́ kí n kó lọ?" Ó lè jẹ́ pé àwọn ayálégbé rẹ̀ ti bi í ní ìbéèrè yẹn láìmọye ìgbà. Tí eré bá parí, wọ́n á jókòó sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀, kí ni àdúgbò gidi fi yàtọ̀ sí ti orí páálí. Ẹni tó bá gé apá yìí kúrò torí pé àsìkò ti lọ, fàájì ló ṣe fún wọn.

Ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ní 2010, ilé ẹ̀kọ́ gíga Emerson College wà lára àwọn tó ṣe irú nǹkan báyìí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà fún àdúgbò Chinatown. Olùkópa kọ̀ọ̀kan gba ipa ẹnìkan tó ń gbé ibẹ̀, ó sì ní láti wá iṣẹ́, tàbí ilé, tàbí ibi tó lè bá èèyàn ṣeré sí nínú àdúgbò orí ẹ̀rọ, kó tó sọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n fi ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe. Ìmọ̀ràn tí èèyàn máa mú wá lẹ́yìn tó ti wá ilé tì kò lè rí bákan náà pẹ̀lú ti ẹni tó kàn wọlé tó jókòó.

Bó ṣe dára tó yìí, nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó yẹ kí á ṣọ́. Ẹ rántí Lizzie Magie: pátákó kan náà, òfin méjì. Ẹni tó kọ òfin eré ló ń pinnu ohun tí eré máa fi hàn.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe géèmù orí kọ̀ǹpútà mọ SimCity tí Will Wright gbé jáde ní 1989, níbi tí ìwọ nìkan jẹ́ olórí ìlú. Wright kà nínú iṣẹ́ Jay Forrester, onímọ̀ ẹ̀rọ ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, tó fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí ìlú ṣe ń dàgbà, tó sì gbé e jáde ní 1969. Ohun tí ìṣírò Forrester sọ ni pé kíkọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú fún tálákà ń pa ìlú lára ni. Ọ̀pọ̀ ò gbà fún un, wọ́n ní ohun tó ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ ló kó sínú ẹ̀rọ tó wá gbà á padà. SimCity ti 2013 tún pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn tó ṣe é rí i pé tí àwọn bá fi ibi ìgbọ́kọ̀sí síbẹ̀ bó ṣe pọ̀ tó nínú ìlú Amẹ́ríkà gidi, pápá ọkọ̀ ló máa gba gbogbo ìlú. Wọ́n dín in kù, wọ́n ní kí á kàn gbà pé abẹ́ ilẹ̀ ni ìyókù wà. Kò burú, eré fàájì ni tiwọn. Ṣùgbọ́n gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ wá sípàdé ará ìlú, gbogbo èèyàn á lọ sílé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé mọ́tò ò nílò ibi tí wọ́n ń gbé e sí.

Ẹ padà sórí eré ẹ̀wà mi. Mo ní kíkó ilé mẹ́fà kúrò létí odò jẹ́ ẹ̀wà 50. Ta ló ní 50? Èmi ni. Ká ní 15 ni mo kọ síbẹ̀, gbogbo tábìlì ló máa lé àwọn ará etí odò lọ ní ìpele kìíní, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ará ìlú ló yàn án fúnra wọn. Ohun tí ilé wíwó ń náni kì í ṣe ti katakata nìkan. Nígbà tí wọ́n lé àwọn ará Maroko kúrò ní Èkó ní oṣù keje 1990, àwọn tí wọ́n fojú bù sí 300,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn kó lọ sí ilé tí kò tíì parí, sọ́dọ̀ ẹbí, sí àdúgbò mìíràn tí òfin kò mọ̀. Mélòó ni ẹ̀wà ìyẹn? Tí òfin eré ò bá ní ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, òfo ló jẹ́.

Ní 1969, Sherry Arnstein, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń kọ̀wé lórí ètò ìlú, ya àkàsọ̀ kan tó ní ìgbésẹ̀ mẹ́jọ láti fi wọn bí ará ìlú ṣe lọ́wọ́ sí ọ̀rọ̀ ìlú wọn tó. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ibi tí wọ́n ti ń fi ará ìlú ṣe ojú ayé. Láàárín ni ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ tẹnu wọn, tí wọn kì í sì í lò ó. Lókè ni ibi tí àṣẹ ti bọ́ sọ́wọ́ wọn. Eré lè wà lórí ìgbésẹ̀ èyíkéyìí nínú wọn. Dídùn rẹ̀ kò gbé e gòkè. Mo tilẹ̀ rò pé ó rọrùn láti fi eré tan èèyàn ju ìpàdé lọ, torí ẹni tó ti rẹ́rìn-ín fún ọjọ́ mẹ́ta, tó ti ya fọ́tò pẹ̀lú alága, á nira fún un láti sọ pé wọn ò gbọ́ tòun.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké mìíràn tún wà. Ta ló lè fi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀? Ìyá alákàrà ò lè fi í sílẹ̀ àyàfi tí wọ́n bá san owó ọjà rẹ̀. Tí wọ́n bá kó ọ̀dọ́kùnrin tó mọ géèmù dáadáa sídìí kọ̀ǹpútà kan pẹ̀lú obìnrin méjì tí ò mọ̀ ọ́n, òun ló máa di máòsì mú láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn ìpàdé náà ló tún padà dé. Ọ̀rọ̀ onílẹ̀ náà wà níbẹ̀: ayálégbé ló pọ̀ jù ní Kibera, ìjọba ló sì ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ lábẹ́ òfin. Minecraft lè jẹ́ kí o gbin igi sí pápá ìṣeré, kò lè fún ọ ní ìwé ilẹ̀. Bí ibẹ̀ bá sì wá dára tán tí owó ilé gbówó lórí, àwọn tó kọ́ ọ nínú kọ̀ǹpútà lè máà lè gbé ibẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, tí wọ́n bá pè ọ́ wá ṣe irú eré yìí ní àdúgbò rẹ, lọ. Tí o bá débẹ̀, wò yíká yàrá náà, kí o wá ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé owó. Tó bá jẹ́ aṣojú aṣojú rẹ̀ ni wọ́n rán wá, ti mọ̀ pé ìpàdé mìíràn ṣì wà níbòmíràn tí wọn ò pè ọ́ sí. Béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa padà wá sọ èyí tí wọ́n mú nínú ohun tí ẹ sọ àti èyí tí wọ́n jù nù, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá, tọ́ka sí ibi tí wọ́n kọ ẹ̀wà 50 sí, kí o ní o fẹ́ pa á rẹ́, kí o kọ 90. Wo ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ pé kò ṣeé ṣe.